Ibi Tí Mo Ti Kírun fún Bàbá Mi ní Pólándì

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Joga-Orílé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: ṣé òtútù ọ̀hún pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń wí? Ó pọ̀. Etí ènìyàn á kú tán, bí ẹni pé kì í ṣe ara orí mọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn máa ń ra aṣọ òtútù, tó bá sì yá, á mọ́ ọn lára. Ohun tó le jù fún mi ni pé mò ń gbé láàárín àwọn tí kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, ẹ̀yin tí ẹ bá mi gbé ẹrù dé gáréèjì Ayétòrò lọ́jọ́ tí mò ń lọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ọmọ náà máa dà kó tó padà dé.

Ìdágbére

Sàídátù ni orúkọ mi. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn. Màmá mi ń ta gàrí àti láfún lọ́jà Ayétòrò. Ní Ayétòrò náà ni mo ti kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, kí n tó rí ààyè ní yunifásítì kan ní apá ìlà-oòrùn Pólándì, láti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú irè oko abẹ́ ilẹ̀ kó má bàa tètè jẹrà.

Ààlà kì í ṣe ohun tuntun nílé wa. Àbúrò bàbá mi kan ń gbé ní Kétu, lápá Kútọnu lọ́hùn-ún. Tí a bá lọ kí i, "bọ́njúù" la máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó rántí dọ̀bálẹ̀. Nítorí náà, ọkàn Bàbá balẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, Kàmọ́rù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé kéú, ni kò gbà.

"Ibi tí ènìyàn ò ti ní gbọ́ ìpè ìrun," ó ní, "kí ló fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀?"

Bàbá ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ nígbà náà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Kàmọ́rù, ta ló ń pe ìrun fún mi nínú oko?"

Bàbá wá kọjú sí mi. "Sàídátù, ènìyàn ni àwọn tí o ń lọ bá. Ohun tí o kò bá lè jẹ, má jẹ ẹ́. Ohun tí o kò bá lè ṣe, má ṣe é. Ṣùgbọ́n tó o bá máa kọ nǹkan, fi ẹnu rere kọ̀ ọ́."

Ohun tó sọ mọ nìyẹn. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sóko.

Ẹnu Ọ̀nà

Bọ́ọ̀sì tó gbé wa wọ ìlú náà kún fọ́fọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé òkú ni wọ́n ń gbé lọ sin. Bí mo bá sì jí láàárọ̀ tí mo kí àwọn tí mo pàdé lójú ọ̀nà, ńṣe ni wọ́n máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Bàbá arúgbó kan tó máa ń mú ajá rẹ̀ rìn ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ó sì tó oṣù mélòó kan kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn bí ẹni tó yege ìdánwò.

Àwọn tó ní ẹ̀kọ́ ilé ló pọ̀ jù. Ọkùnrin kan wà ṣá o, tó jágbe mọ́ mi níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, tó ń nawọ́ sí ọ̀nà ibùdókọ̀ òfuurufú. Mi ò tíì gbọ́ èdè wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yé? Obìnrin kan tó gbé báàgì ọjà dìde, ó wá dúró sáàárín wa, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin náà, kò sì sọ nǹkan kan títí bọ́ọ̀sì fi dé. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ṣì máa ń ṣàdúrà fún un.

Ilé opó kan ni wọ́n bá mi gba yàrá sí. Hálínà ni orúkọ rẹ̀. Wọn kì í pe àgbàlagbà lórúkọ lásán níbẹ̀, Páàní ni wọ́n máa ń fi ṣáájú orúkọ obìnrin, nítorí náà Páàní Hálínà ni mò ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó tóbi, orúnkún ń dùn ún, ó sì máa ń bá rédíò jiyàn.

Bó ṣe ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí i. Màmá náà figbe ta! Ó rò pé ebi ló gbé mi ṣubú. Ó kì mí mọ́ abíyá, ó fà mí dìde, ó ń pariwo ohun tí mi ò gbọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo na ọwọ́ sí i kí a bọ ara wa lọ́wọ́ bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe, ó sì yára fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, ó ti tán, kò fẹ́ fọwọ́ kan ara dúdú. Ṣùgbọ́n ó di aṣọ mi mú, ó wọ́ mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Inú ilé níbẹ̀ ló ti wá gba ọwọ́ mi, ó mì í títí apá fi ń ro mí. Ìgbà tí etí mi là sí èdè wọn ló tó ṣàlàyé pé èèwọ̀ ni kí ènìyàn méjì bọwọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní nílé wa, aboyún kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó mi orí. "Kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin náà gbọ́n."

Ìkòkò Tuntun

Ọbẹ̀ pupa ni wọ́n fi ń ṣàlejò níbẹ̀, gbòǹgbò kan tó pupa bí osùn ni wọ́n fi ń sè é, ó sì máa ń kan díẹ̀. Àwo kan ló kọ́kọ́ gbé síwájú mi. Mo rí ẹran nínú rẹ̀, mo tọ́ka sí i. Páàní Hálínà ronú díẹ̀, ó fi ìka ti imú rẹ̀ sókè, ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀.

Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Mo dúpẹ́, mo fọwọ́ sáyà, mo mi orí. Ṣùgbọ́n ẹnu rere wo ni ènìyàn lè fi kọ oúnjẹ nígbà tí kò gbọ́ èdè? Ó kó àwo náà kúrò, ó sì fajú ro. Fún ọjọ́ mélòó kan, olúkúlùkù wa ń se tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mo dé láti ilé ìwé, mo bá ìkòkò tuntun kan lórí iná, ó so òwú pupa mọ́ ọn létí. "Sàídá ló ni ín," ó ní. Ó tún fi ìka ti imú rẹ̀ sókè, ó mi orí gidigidi, kí n lè mọ̀ pé irú ẹran yẹn ò ní débẹ̀ láéláé. Ẹ̀wà àti kábéèjì ló wà nínú ìkòkò náà. Mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé.

Láti ìgbà náà la ti ń dáná pọ̀. Wọ́n máa ń rin ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n á po ẹyin àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, wọ́n á dín in. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pariwo: "Ọ̀jọ̀jọ̀ nìyí!" Ó bi mí ohun tó ń jẹ́ ọ̀jọ̀jọ̀. Mo ní ewùrà la fi ń ṣe é nílé wa, a sì máa ń fi ata sí i. Ó ní kí n fi ata sí tiwa. Mo fi sí i, ó jẹ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì tún mú òmíràn.

Oṣù ààwẹ̀ dé nígbà tí ọ̀sán gùn níbẹ̀. Oòrùn ìlú wọn kì í fẹ́ wọ̀ lásìkò náà. Ńṣe ni Páàní Hálínà máa dúró lójú fèrèsé, á fọwọ́ lé ìbàdí, á máa bá oòrùn jà: "Lọ sílé! Ṣé o kò nílé ni? Ọmọ ọlọ́mọ ò tíì jẹun!" Mo sọ fún un pé kó jẹun tirẹ̀, ó kọ̀. Ó ní kí lòun máa máa jẹ lójú ẹni tí ebi ń pa.

Ìrọ̀lẹ́ kan, ó bi mí bóyá àwa náà mọ Màríà. Àwòrán Màríà wà lára ògiri yàrá rẹ̀, iwájú rẹ̀ ló ti máa ń gbàdúrà. Mo ní Máríámà la ń pè é, súrà kan tiẹ̀ wà nínú Àlùkùránì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó wò mí bíi pé irọ́ ni mò ń pa. "Kà á," ó ní. Mo ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, àfi orúkọ yẹn. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó fi ìka ṣe àmì àgbélébùú láyà, ó ní kí n tún un kà.

Ìpè Láti Ilé

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù pè. Bó ṣe kí mi ni mo ti mọ̀. Ó kí mi gùn jù.

"Sàídá, fọkàn balẹ̀. Bàbá ti lọ."

Ó ní Bàbá dé láti oko lánàá, ó ní ó rẹ òun, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ kó tó kírun alásàrì, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó pè mí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mo mọ̀. Síbẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, bí mo bá jáde kúrò ní Pólándì nígbà náà, mi ò ní lè padà wọlé. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn rẹ̀ ti há. "Dúró síbẹ̀, ọmọ mi. Òkú ti wọlẹ̀. Parí ohun tó o bá lọ."

Mo ju fóònù sílẹ̀, mo ké. Páàní Hálínà sáré wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kí n tó rántí ọ̀rọ̀ kankan nínú èdè rẹ̀, "tata" ló jáde lẹ́nu mi. Bí wọ́n ṣe ń pe bàbá níbẹ̀ nìyẹn.

Ó lọ dá aago ara ògiri dúró. Ó mú aṣọ funfun, ó fi bo dígí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ń wò ó, mi ò mọ irú ètùtù tó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú inú ilé wọn ni. Lẹ́yìn náà, ó wá bá mi nílẹ̀ tí mo jókòó sí, òun pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, ó gbé orí mi lé àyà. Nílé wa, ilé ì bá ti kún fọ́fọ́, àwọn ènìyàn ì bá máa wọlé, kí wọ́n máa jáde, kí ariwo wọn má jẹ́ kí n ráyè ronú. Níbẹ̀, àwa méjì péré ni.

Ibojì Àwọn Ẹlòmíràn

Oṣù kọkànlá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ìlú máa ń lọ kí àwọn òkú wọn. Páàní Hálínà ní kí n bá òun lọ sí ibojì ọkọ òun.

Kò sí ibi tí mo tíì rí tó lẹ́wà báyẹn. Tẹbítará ló jáde, àwọn ọmọdé, àwọn àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn, gbogbo wọn gbé fìtílà kéékèèké inú ìgò dání, ìtẹ́ òkú náà sì ń tàn láti ìkángun dé ìkángun. Páàní Hálínà fọ òkúta orí ibojì ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. Ó sọ̀rọ̀ sí i. Mo gbọ́ orúkọ mi nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sí ìdí àgbélébùú ńlá kan tó wà láàárín ibẹ̀. Fìtílà tó yí i ká kò lóǹkà. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn tí òkú wọn wà lọ́nà jíjìn ti máa ń tàn án. Ó yọ fìtílà kan jáde nínú àpò, ó nà án sí mi. "Fún tata ẹ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má bínú bí mo bá sọ fún yín pé ọwọ́ mi ti fẹ́ gbà á. Ìbànújẹ́ tó wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn ń wá ohun tí yóò dì mú. Ṣùgbọ́n mo wo àgbélébùú náà, mo wo ọwọ́ ara mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe tèmi.

"Ẹ ṣé gan-an ni, Páàní. Mi ò lè ṣe é. Ọ̀nà tiwa kọ́ ni."

Ó dá fìtílà náà padà sínú àpò díẹ̀díẹ̀. A rìn padà sílé. Lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó kí mi, ó se oúnjẹ, ṣùgbọ́n rédíò nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Abúlé Lẹ́bàá Ààlà

Àárọ̀ Jímọ̀ kan, mo jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo bá a tó ti wọ kóòtù. "Wọ bàtà ẹ," ó ní. "Kó aṣọ tí o fi ń kírun dání."

Ọkọ̀ àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ la gbé. Oko àti igbó la ń là kọjá, títí a fi ń sún mọ́ ààlà Bẹ̀lárúùsì. Ṣọ́jà dá wa dúró, ó ní kí n mú ìwé mi wá. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, nítorí bí ojú ọ̀nà Ìlarà tí a máa ń gbà lọ sí Kétu ló ṣe rí gẹ́lẹ́. Ṣọ́jà náà ń yẹ ìwé mi wò, ó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò, ni Páàní Hálínà bá yọ orí jáde: "Ìwọ ọmọ yìí, ó ń lọ gbàdúrà fún bàbá rẹ̀ tó kú! Ṣé o kò ní bàbá ni?" Ṣọ́jà dá ìwé padà kíá.

Abúlé kékeré la dé. Láàárín àwọn igi, mo rí ilé onípákó aláwọ̀ ewé kan. Mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, àfi ìgbà tí mo rí òṣùpá lórí rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan jáde sí wa, ó funfun, ojú rẹ̀ búlúù bí ti gbogbo wọn. Ó fọwọ́ sáyà. "Àsàlámù àlékúmù."

Lórí fóònù nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Bàbá náà ní Tátárì làwọn, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan tó ti ìlà-oòrùn wá. Ọba ayé àtijọ́ kan ló fún àwọn baba ńlá àwọn nílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé wọ́n bá a jagun, àwọn sì ti gbàgbé èdè àwọn pátápátá. "Ìrun nìkan la ò gbàgbé," ó ní.

Páàní Hálínà ti ń béèrè kiri láti ọjọ́ ìtẹ́ òkú, lọ́wọ́ fáda ìjọ rẹ̀, lọ́wọ́ olùtajà búrẹ́dì, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rí: àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀sìn ọmọ yìí, níbo ni wọ́n wà?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàbá náà bi mí ní orúkọ bàbá mi. Mo ní Ràjí. Ó pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dojú kọ Gábàsì, àwọn ọkùnrin díẹ̀ tó wà níbẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kírun òkú fún àgbẹ̀ ará Joga-Orílé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rí rí. Èmi wà lápá àwọn obìnrin. Páàní Hálínà dúró lẹ́bàá mi, ó ti bọ́ bàtà, ó ti so gèlè rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n bó ṣe máa ń so ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ṣe ohun tí à ń ṣe. Ó kàn dúró, ó di ọwọ́ pọ̀, ó sì ń sunkún fún ẹni tirẹ̀.

Nígbà tí a jáde, a gba ibi ìsìnkú wọn kọjá, lórí òkè kékeré kan. Mo rí fìtílà inú ìgò lórí àwọn ibojì Mùsùlùmí níbẹ̀. Mo bi bàbá náà léèrè.

Ó ní, "Àwọn aládùúgbò wa ló ń wá tàn án fún wa. Àwọn kan nínú wa náà ń tàn án. Àwọn ààfáà tó ń wá láti òkèèrè máa ń bínú sí wa nítorí rẹ̀." Ó wo Páàní Hálínà, ó wò mí. "Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ lọ bá pé kó má rántí òkú mi mọ́?"

Nínú ọkọ̀, Páàní Hálínà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo rò pé èmi ni o kọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ̀yin kọ́, Páàní. Mi ò lè kọ̀ yín."

"Mo ti mọ̀ báyìí." Ó wakọ̀ díẹ̀ sí i. "Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọbìnrin mi wà ní Áílándì. Kò rí ààyè wá. Mo máa ń ronú pé, ta ló jókòó tì í lọ́hùn-ún?"

Joga

Mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo padà wálé. Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi, ẹ rí mi bí mo ṣe wà. Lẹ́yìn tí gbogbo yín ti lọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá lábẹ́ ọsàn, mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ yìí fún un. Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù wà nítòsí, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí mo dé ibi fìtílà, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ṣé o tàn án?"

"Mi ò tàn án, ẹ̀gbọ́n. Mi ò kábàámọ̀ pé mi ò tàn án. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí bí ojú rẹ̀ ṣe rí."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Màmá ti ń nu ojú. "Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú," ó ní, "ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn ni pé, ta ló gbá ọ mọ́ra lọ́jọ́ yẹn? Mo ń tijú láti bi ọ́, kí o má lọ sọ pé kò sẹ́nì kankan." Ó na ọwọ́. "Pè é fún mi."

Mo pè é. Ojú Páàní Hálínà kún gbogbo fóònù, imú nìkan la kọ́kọ́ rí. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní Yorùbá, ó kí i kú ìtọ́jú, ó kí i kú ojú lọ́nà, ó ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ tó wà lájò, ó ní Ọlọ́run ò ní fi ibi hàn án. Páàní Hálínà náà ń fọ èdè tirẹ̀, kò dúró, kò sinmi, òun náà ń sunkún. Mo la ẹnu láti túmọ̀. Màmá gbá mi lọ́wọ́. "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mò ń gbọ́ ohun tó ń sọ."

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i tí Ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù dìde. Ó nu ọ̀rá kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́wọ́, ó wá dúró sẹ́yìn Màmá, ó wúkọ́.

"Màmá," ó ní sínú fóònù, "ẹ kú ìtọ́jú àbúrò wa. A dúpẹ́."

Páàní Hálínà sún mọ́ fóònù, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan.

"Kí ló wí?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ó ní ẹ ti rù jù. Ó ní ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Sọ fún un," ó ní, "pé Màmá mi ò ní pẹ́ gbé oúnjẹ kaná."